Pọ̀tásíọ̀mù

Pọ̀tásíọ̀mù jẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì kan tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ K, tí nọ́ńbà átọ́ọ̀mù rẹ̀ sì jẹ́ 19. Irin ni lóòótọ́, síbẹ̀ ọ̀bẹ ìdáná lásán ń gé e bí ẹní gé ọṣẹ. Ojú ibi tí a gé á máa dán bíi fàdákà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ṣú, nítorí afẹ́fẹ́ ti ń jẹ ẹ́. Ó fúyẹ́ ju omi lọ, bí ooru bá sì ti tó 63.5°C, ó ti yọ́ nìyẹn.

Òun àti omi kì í rẹ́. Bí a bá ju ègé kékeré rẹ̀ sínú omi, yóò léfòó, yóò máa sá káàkiri, gáàsì haidirójìn tó ń jáde yóò sì gbiná aláwọ̀ àlùkò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rì í sínú epo tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà ní ìpele òde átọ́ọ̀mù rẹ̀, kò sì dì í mú dáadáa. Ohun tó bá ṣáà ti béèrè ló ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún.

Nítorí ìwà yìí, kò síbi tí a ti lè wa ojúlówó pọ̀tásíọ̀mù nínú ilẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Humphry Davy ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1807, nígbà tó fi iná mànàmáná la pọ́táàṣì, ìyẹn àdàpọ̀ kan tí pọ̀tásíọ̀mù wà nínú rẹ̀, kọjá.

Lọ́dọ̀ wa, inú eérú ni a ti ń pàdé rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú a máa sun èèpo kòkó gbígbẹ tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, wọ́n á da omi lé e. Omi tó ń kán sílẹ̀, tó ń ta lọ́wọ́, kún fún iyọ̀ pọ̀tásíọ̀mù. Òun ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín. Pọ̀tásíọ̀mù yìí gan-an ló mú kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Ọṣẹ tí wọ́n fi sódíọ̀mù ṣe ló ń le.

Pọ̀tásíọ̀mù tún wà nínú òkúta gíráníìtì, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti yọ níbẹ̀. Inú iyọ̀ tí òkun àtijọ́ fi sílẹ̀ nígbà tó gbẹ ni ilé-iṣẹ́ ti ń wà á, pàápàá ní Saskatchewan ní Kánádà, ní Rọ́ṣíà àti ní Belarus. Ajílẹ̀ ni wọ́n ń fi èyí tó pọ̀ jù ṣe.

Ọkàn àti iṣan wa pẹ̀lú kò lè ṣiṣẹ́ láìsí pọ̀tásíọ̀mù. Inú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, iṣu àti ẹ̀fọ́ la ti ń rí i. Kíndìnrín ló ń tu àpọ̀jù rẹ̀ dànù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó jẹ àwọn oúnjẹ wọ̀nyí ní àjẹyó, torí àpọ̀jù pọ̀tásíọ̀mù nínú ẹ̀jẹ̀ lè dá ọkàn dúró.