Ẹ̀yìn: Ìrìn Àjò Ọ̀rọ̀ Kan láti Ara Èèyàn dé Inú Gírámà

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn inú òwe yìí kì í ṣe ti ara mọ́; ibi ni, ìgbà tó ti kọjá sì ni. Báwo ni ẹ̀yà ara ṣe di ibi àti ìgbà? Ìbéèrè yìí kan ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ Yorùbá lédè ní Riviera, ní Cocody nílùú Abidjan, níbi tó jẹ́ pé Faransé ni èdè ilé ẹ̀kọ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Èdè Dioula tí wọ́n ń gbọ́ lọ́jà níbẹ̀ ń tọ ọ̀nà kan náà: *kɔ* ni ẹ̀yìn ara, *so kɔfɛ* sì ni ẹ̀yìn ilé. Dioula fi ilé síwájú. Yorùbá fi ẹ̀yìn síwájú. *Ní* àti *ẹ̀yìn* pàdé, ìpajẹ mú fáwẹ̀lì *ní* lọ, ohùn òkè rẹ̀ bọ́ sórí *ẹ̀*, *n* di *l*: *lẹ́yìn ilé*.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe ti Áfíríkà nìkan. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, *bak* ni àwọn ará Scandinavia ń pe ẹ̀yìn, *á bak* sì ni «lẹ́yìn». Ní Iceland, ẹ̀yìn ara ni *bak* ń jẹ́ títí dòní. Ní Nọ́wè, *rygg* ti gba ipò rẹ̀. Ìdí ni *bak* kù fún lára èèyàn, ó sì di ọ̀rọ̀-atọ́kùn pọ́ńbélé: *bak huset*, lẹ́yìn ilé náà.

Ṣé ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni *lẹ́yìn* tiwa náà? Arọ́pò-orúkọ ni ẹlẹ́rìí. A ń sọ pé *fún un*, *fún ọ*; ṣùgbọ́n *lẹ́yìn rẹ̀*, *lẹ́yìn rẹ* ni à ń wí, bí ìgbà tí a bá wí pé *ilé rẹ̀*, *ilé rẹ*. Arọ́pò oní-nǹkan nìyẹn. Ará Nọ́wè ń wí pé *bak meg*, kì í wí pé *bak min*. Tirẹ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀-orúkọ; tiwa kò tíì kúrò.

Nítorí náà, olùkọ́ tó bá fi *lẹ́yìn* wé *derrière* lásán, tó sì dúró síbẹ̀, ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrò lára. Ọmọ tó mọ̀ pé ìyá òun pọn òun *sẹ́yìn*, tó sì rí *sí* àti *ẹ̀yìn* nínú rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ gírámà.