Ẹ̀kọ́ Fíìmù ní Òkè Òkun: Láti Ọ̀dọ̀ Túndé Kèlání dé Dagenham

Orúkọ May & Baker kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá; ó wà lára páálí oògùn ní ilé púpọ̀. Dagenham, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni ilé-iṣẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí láti 1934. Nígbà tí Sanofi, tó jogún rẹ̀, ti kógbá wọlé níbẹ̀, apá kan ilẹ̀ náà di Eastbrook Studios, ibùdó fíìmù tó ní gbọ̀ngàn ìyàwòrán 12. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Nàìjíríà wá kọ́ fíìmù tàbí ìwé-eré kíkọ, tó sì gba yàrá sí Barking tàbí Dagenham, lè rò pé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ti di aládùúgbò ara wọn.

Ìtàn àwọn tó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú kò fi bẹ́ẹ̀ gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ IDHEC ní Paris ni Ọlá Balógun ti kọ́ṣẹ́ fíìmù. Síbẹ̀, iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàrin àwọn Yorùbá ni Àjàní Ògún (1976), èyí tó ṣe pẹ̀lú Dúró Ládípọ̀ àti Adé Love. Àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnjò ló ní ìtàn, orin àti èrò ìwòran. Balógun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi kámẹ́rà gbé e. Kò sí èyí tó lè dá a ṣe nínú wọn.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tọ́ Túndé Kèlání dàgbà. Ó kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ kámẹ́rà ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn kó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1970. Nígbà tó padà, fíìmù ẹlòmíràn ló ń yà: òun ló di kámẹ́rà mú fún àwọn òṣèré bíi Adé Love. Lẹ́yìn náà ni ètò ọrọ̀-ajé SAP dé ní 1986, tí náírà sì já wálẹ̀. Owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra rọ́ọ̀lù fíìmù, òkèèrè ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Láàrin ọdún díẹ̀, apá kò ká a mọ́. Kèlání yíjú sí fídíò, ó sì gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993. Ẹ̀rọ tó kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọjá agbára àpò, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ àti ibi tó yẹ kí kámẹ́rà dúró sí kò bá náírà já.

Ní ti ìwé-eré, ẹjọ́ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ Kòṣeégbé (1995) àti Ṣaworoidẹ (1999) fún Kèlání. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní Ifẹ̀ ni ibùjókòó Ìṣọ̀lá, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù. Ó ṣòro láti tọ́ka sí ìwé-eré Yorùbá tó já fáfá ju Ṣaworoidẹ lọ.

Dagenham gan-an ní ẹ̀rí tirẹ̀. Fíìmù Made in Dagenham (2010) dá lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ Ford ní 1968. Merthyr Tydfil ní Wales, nínú ilé-iṣẹ́ Hoover tó ti kógbá sílé, ni wọ́n ti ya ìran inú ilé-iṣẹ́ náà.

Náírà tún já ní oṣù kẹfà 2023, bẹ́ẹ̀ pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́. Láti oṣù kìn-ín-ní 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe máàsítà kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ọdún méjì ni ìwé-àṣẹ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 2021 fún àwọn tó bá gboyè láti fi dúró ṣiṣẹ́; ìjọba sì ti kéde pé òun yóò dín in kù sí oṣù 18. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí Kèlání fi gbé kámẹ́rà fún ẹlòmíràn kó tó gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde, ilé ló sì ti ṣe é, láàrin àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀.