Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òbí Mọ̀ Nípa Ọdún Ẹ̀kọ́ Ọmọ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Ìsúndúnrin àti Agbègbè Ẹjìgbò

A kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ tí ọmọ yín wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Ìsúndúnrin, àti ní àwọn ìlú àti abúlé mìíràn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹjìgbò. A mọ̀ pé ní agbègbè yìí, kì í ṣe bàbá àti ìyá nìkan ni ó ń rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà tí àwọn òbí wọn ń ṣòwò ní Abidjan àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Côte d'Ivoire. Nítorí náà, bí a bá sọ pé “òbí”, ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni a ní lọ́kàn, ìbáà jẹ́ òun ni ó bí i tàbí òun kọ́.

Ọdún ẹ̀kọ́ àti sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ọdún ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, a sì máa parí ní oṣù Keje ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Sáà kìn-ín-ní a máa parí kí ọdún Kérésìmesì tó dé. Sáà kejì a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, a sì máa parí ní nǹkan bí àsìkò Àjíǹde. Sáà kẹta ni ó máa ń gbé wa dé ìsinmi gígùn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣe kàlẹ́ńdà ọdún ẹ̀kọ́ jáde. Ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ìwọlé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ ìdánwò sí ibi tí gbogbo ilé yóò ti máa rí i.

Àwọn kan gbà pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò já mọ́ nǹkan, pé koríko nìkan ni wọ́n ń gé nínú ọgbà. Èrò yìí ń pa ọmọ lára, pàápàá ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ìgbà náà ni olùkọ́ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àti òǹkà. Ọmọ tí ó bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oní-sílébù méjì, òun kò sì tíì mọ “a” yàtọ̀ sí “e”. Olùkọ́ tí ọmọ pọ̀ níwájú rẹ̀ kò lè padà sẹ́yìn fún ẹyọ ọmọ kan.

Ọ̀rọ̀ kajú náà ń kọ́? Àsìkò tí a ń ṣa kajú bọ́ sínú sáà kejì gan-an, iṣẹ́ oko sì nílò ọwọ́. A kò ní kí ọmọ má ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ wà, ọjọ́ Àbámẹ́ta wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí sáà bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, tí ọmọ sì ń pa ọjọ́ kan jẹ lọ́sẹ̀ nítorí oko tàbí ọjà, ọjọ́ 12 ni ó ti pàdánù. Ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀, nítorí náà ó ju ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lọ. Kò sí olùkọ́ tí yóò dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ padà.

Ohun tí òfin sọ, àti ọ̀rọ̀ owó

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1955, ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Lára àwọn ìyá àgbà tí ń tọ́ ọmọ lónìí, a rí àwọn tí ètò náà gbé wọ kíláàsì. Òfin tí ó de ọ̀rọ̀ náà lónìí ni Òfin Ẹ̀kọ́ Kárí ti ọdún 2004, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UBE. Ó fi dandan lé e pé kí gbogbo ọmọ parí ọdún mẹ́sàn-án: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní ìpele kékeré ilé-ẹ̀kọ́ girama. Òbí tí ó bá kọ̀ láti rán ọmọ lọ yóò gba ìbáwí ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá dá a lẹ́bi. Ní ìgbà kejì, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Owó náà kò tó nǹkan mọ́ lóde òní, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kò tíì yí padà.

Òfin kan náà ni ó sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, pé ẹni tí ó bá gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òbí lè san ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí kí ó jẹ méjèèjì pọ̀. Owó tí Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ bá fẹnu kò lé lórí ní ìpàdé yàtọ̀ sí èyí. Ìdí nìyí tí a fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ máa lọ sí ìpàdé náà, torí ibẹ̀ ni a ti ń dá iye owó, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tí kò ní ti lè sọ̀rọ̀. Ẹ gba rìsíìtì fún ohunkóhun tí ẹ bá san. Bí a bá dá ọmọ padà sílé nítorí owó, ẹ kọ́kọ́ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́; bí kò bá yanjú, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ẹjìgbò.

Ẹ óò ṣì máa gbọ́ orúkọ náà “Elementary” lẹ́nu àwọn ènìyàn. Láàárín nǹkan bí ọdún 2012 sí 2020, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà mìíràn: ọdún mẹ́rin ní Elementary, ọdún márùn-ún ní Middle School, ọdún mẹ́ta ní High School. Ní ọdún 2020 ni ìjọba kéde pé a ó padà sí ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń lò. Bí ìwé ẹ̀gbọ́n ọmọ yín bá kà pé “Grade 5, Middle School”, kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyẹn. Ẹ má ṣe sọ ìwé náà nù.

Ọmọ tí ó ti Abidjan dé

Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ní Ìsúndúnrin ju bí ó ti pọ̀ ní ibòmíràn lọ, nítorí náà a ó fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀. Ní Côte d'Ivoire, ọdún mẹ́fà náà ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: CP1, CP2, CE1, CE2, CM1 àti CM2, ìdánwò CEPE sì ni a fi ń parí rẹ̀. CP1 bá kíláàsì kìn-ín-ní dọ́gba, CM2 bá ìkẹfà. Kí ọmọ tó kúrò lọ́hùn-ún, ẹ gba ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí ìbí rẹ̀. Ó rọrùn láti gbà á nígbà tí ẹ wà níbẹ̀ ju ìgbà tí ẹ bá ti délé lọ.

Bí ọmọ bá ti parí CE1, kíláàsì kẹrin ni ó kàn án. Ṣùgbọ́n kò tíì lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì lè fẹ́ dá a padà sẹ́yìn. Èrò tiwa ni pé kí ó má ṣe ju kíláàsì kan lọ. Ìṣirò tí ó mọ̀ ní èdè Faransé kò parẹ́. Èdè ni a ní láti pààrọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a bá fi sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà yóò tijú, ìtìjú sì ti lé ọ̀pọ̀ kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́.

Ìwé Yorùbá ni ó lè kọ́kọ́ fi ṣe afárá. Ó ti mọ ìró àwọn lẹ́tà náà tẹ́lẹ̀: “é” ti Faransé súnmọ́ “e” wa, “è” wọn súnmọ́ “ẹ” wa, “ch” wọn ni “ṣ”, “ou” wọn ni “u”. Ohun tí yóò kọ́kọ́ dà á láàmú ni pé àmì orí lẹ́tà ní Yorùbá jẹ́ àmì ohùn, kì í yí lẹ́tà padà. Ẹ fi èyí hàn án nílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ óò rí ìyàtọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí Faransé rẹ̀ kú: ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti fi èdè náà sí iṣẹ́ láti kíláàsì kẹrin.

Èdè tí a fi ń kọ́ ọmọ

Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí ọmọ lọ́wọ́. Nítòsí wa níhìn-ín ni a ti dán an wò. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn; wọ́n ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ó fagi lé ìlànà náà, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀. Èyí mú kí iṣẹ́ ilé pọ̀ sí i. Ẹ pa àlọ́ fún ọmọ, ẹ jẹ́ kí ó tún un sọ fún yín, kí ó kọ ìlà mẹ́ta nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé èsì ìdánwò

Ẹ má wo ipò nìkan. Ipò kẹta nínú kíláàsì tí gbogbo ọmọ ti kùnà kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ wo iye máàkì iṣẹ́ inú sáà lọ́tọ̀, ti ìdánwò ìparí lọ́tọ̀, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí ọmọ wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ìparí kíláàsì kejì, ẹ gbé ìwé tí ọmọ kò rí rí síwájú rẹ̀. Bí kò bá lè ka ìlà méjì fúnra rẹ̀, ẹ lọ bá olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Àtúnṣe rọrùn ní ọmọ ọdún méje ju ní ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Ẹ̀yin tí kò mọ̀wé náà lè ṣe èyí: ẹ kàn máa tẹ́tí bóyá ó ń kà á geere tàbí ó ń ranti rẹ̀ lórí.

Bí ọmọ bá ń fún ojú pọ̀ wo pátákó, ẹ sọ fún olùkọ́ kí ó gbé e síwájú, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ojú.

Ìlera àti oúnjẹ

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láti fún ọmọ ọdún 5 sí 14 ní oògùn aràn àti ti àtọ̀sí ajá, èyí tí omi odò ń kó ran àwọn ọmọ tí ń lúwẹ̀ẹ́. Kí ọmọ jẹun kí ó tó lò ó. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ti dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gbà á. Ní ti oúnjẹ ọ̀sán, Ọ̀ṣun wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n iye kíláàsì tí ó ń kàn ti yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ béèrè ní ọjọ́ ìwọlé bóyá ó kan kíláàsì ọmọ yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá kí ó gbé oúnjẹ lọ. Bí oúnjẹ kan bá wà tí kò bá ọmọ lára mu, ẹ sọ ọ́ fún olùkọ́.

Kíláàsì kẹfà

Òbí tí ó bá fẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba àpapọ̀ ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé tí àjọ NECO ń ṣe. Ọdún tí ọmọ wà ní kíláàsì kẹfà ni a ń ṣe é, nítorí náà kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ láti sáà kìn-ín-ní. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí ẹ bá fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé-ẹ̀rí ìbí mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ìwé ọmọ bá kọ “Adéníkẹ̀ẹ́” tí rẹ́jísítà ilé-ẹ̀kọ́ sì kọ “Níkẹ̀ẹ́”, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tún un ṣe kí ọmọ tó wọ kíláàsì náà.