Òǹtẹ̀ Mélòó Ló Máa Jẹ́rìí Pé Wọ́n Bí Wa?

Ẹni tó bá ti ń palẹ̀ mọ́ láti jápa mọ̀ pé owó ọkọ̀ òfuurufú kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ìwé ni. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó dà bíi pé ó rọrùn jù ló sábà máa ń dá a dúró pẹ́ jù: ìwé ẹ̀rí pé wọ́n bí i. Ó dúró síwájú wọn, ó ń mí, ó ní orúkọ, ó ní pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́. Síbẹ̀ wọ́n á ní kó lọ mú ìwé wá, kó lọ gba òǹtẹ̀ sórí ìwé náà, kó tún lọ gba òǹtẹ̀ mìíràn tó máa jẹ́rìí sí òǹtẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn kan rò pé ìyà tí ìjọba wa dìídì ṣètò fún aráàlú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn, ìtàn ọ̀hún sì ti wà kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò ka ọjọ́ ìbí sí. Láàárín àwọn Akan ní Gánà, orúkọ ọmọ gan-an ni àkọsílẹ̀: Kofi ni ọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì, Akosua ni obìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn Igbo máa ń fi ọjọ́ ọjà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ ọmọ, òun la fi ń gbọ́ Okeke, Okonkwo àti Okafor. Hausa ní Danjuma, wọ́n ní Talatu. Yorùbá ní tiwa sábà máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ dé: Abíọ́dún, Abíọ́nà, Babátúndé. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ọdún, wọ́n á so ó mọ́ ohun tí gbogbo ìlú jọ rí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ogun Àdùbí nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ọmọ 1918 ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí òṣùpá bo oòrùn lójú tí ilẹ̀ sì ṣú lọ́sàn-án, ọmọ 1947 ni. Ní ogúnjọ́ oṣù Kárùn-ún ọdún náà ni òkùnkùn ọ̀hún la Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá, láti Làìbéríà dé Nàìjíríà. Ọmọ tí wọ́n sì gbé jó nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá kí wa, 1956 nìyẹn. Ẹ̀rí tó lágbára ni èyí, nítorí pé èrò púpọ̀ ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì lè bá ara wọn jiyàn lé e lórí títí òótọ́ á fi jáde. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe ni kó wọ inú àpò ìwé, kó bá ènìyàn kọjá òkun.

Àwọn Òyìnbó pàápàá kò fi ìwé lé ọmọ lọ́wọ́ láti ayébáyé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1538 ni wọ́n pàṣẹ pé kí àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ọmọ sílẹ̀ títí di 1837. Faransé ló ṣáájú wọn: ní 1792, nígbà tí wọ́n ń dojú ìjọba ọba dé, wọ́n gba ìwé náà kúrò lọ́wọ́ àlùfáà, wọ́n gbé e fún ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú ní 1861, ètò yìí kò tíì pé 25 ọdún lọ́dọ̀ àwọn alára.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1863, òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú dé Èkó. Ibẹ̀ ni ìtàn tiwa ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ Èkó kékeré tó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn nìkan ló kàn. Ìgbà tí wọ́n so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914, wọ́n tún ṣe òfin mìíràn ní 1917. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún un: òfin ìbí, ikú àti ìsìnkú. Lójú tèmi, ìsìnkú tó bá wọn wọ inú orúkọ yẹn tú àṣírí ohun tó wà lọ́kàn ìjọba amúnisìn. Ìlera àwọn ìlú ńlá ni wọ́n ń rò, ibi tí àrùn ti lè ran àwọn òṣìṣẹ́ wọn àti ibi tí wọ́n á máa sin òkú sí. Pé ọmọ àgbẹ̀ kan létí odò Benue lè nílò ìwé kan lọ́jọ́ iwájú láti fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, èyí kò sí nínú ìrònú wọn. Àwọn ìlú tí ìjọba bá dárúkọ ni òfin náà ń ṣiṣẹ́ fún. Ìyókù Nàìjíríà gbára lé káàdì ìrìbọmi, káàdì ilé ìwòsàn, àti bàbá tó bá mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tó ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí ẹ̀yìn Bíbélì tàbí sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Nígbà tí ogun abẹ́lé sì jà láti 1967 sí 1970, ilé ìjọsìn àti ilé ìwòsàn jóná ní Ìlà-Oòrùn, ìwé tó wà nínú wọn sì bá wọn lọ.

Ọdún 1979, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ti ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá, ni Òfin 39 sọ ọ́ di dandan káàkiri Nàìjíríà pé kí wọ́n máa forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti 1863: ọdún 116. Wọ́n dá àjọ ètò ìkànìyàn, NPC, sílẹ̀ ní 1988, Òfin 69 ti 1992 sì fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà múlẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán sí nìyẹn. Àmọ́ ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999. Nínú àtòjọ iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, ẹ ó rí ìkànìyàn àti ètò ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ ṣí i síwájú dé àfikún kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó tún wà níbẹ̀. Ìyàwó kan, ọkọ méjì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ní ìwé ìjọba ìbílẹ̀ àti ìwé NPC pọ̀, tí orúkọ tó wà lórí méjèèjì kò sì dọ́gba, lẹ́tà kan ṣẹ́kù níbi kan, orúkọ bàbá ṣáájú níbi kejì. Òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì tó bá rí irú rẹ̀ kò ní ro ti ìwé òfin 1999. Ayédèrú ni yóò kọ́kọ́ rò.

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Ẹ kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí apá ibi tí Faransé jọba lé. Ìwé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà níbẹ̀, ní Bẹ̀nẹ̀, Màlì tàbí Sẹ̀nẹ̀gàl, kọ ọ́ pé « né vers 1948 », ìyẹn ni pé nǹkan bí 1948 ni wọ́n bí i. Òótọ́ gbáà ni ìwé náà sọ. Kọ̀ǹpútà àwọn tó ń fúnni ní físà ni kò ní àyè fún "nǹkan bí", nítorí náà akọ̀wé á fi ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ ìkẹyìn ọdún sí i. Ẹni tí kò bá ní ìwé rárá á lọ sí kóòtù, àwọn tó mọ ìgbà tí wọ́n bí i á wá sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, ìdájọ́ náà á sì dúró bí ìwé ọjọ́ ìbí. « Jugement supplétif » ni wọ́n ń pè é. Ìwé yìí dá ìjà ìgboro sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Lẹ́yìn tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2002 lórí ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀, ìjọba rán kóòtù alágbèéká káàkiri ní 2006 láti fún àwọn tí kò ní ìwé ní ti wọn. Àwọn alátìlẹ́yìn Ààrẹ Gbagbo dí ọ̀nà, wọ́n ní àlejò ni wọ́n fẹ́ sọ di ọmọ ìlú. Iṣẹ́ náà dúró, ó di 2007, lẹ́yìn àdéhùn Ouagadougou, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ẹni tó bá ń pè é ní bébà lásán, kó lọ béèrè ní Abidjan.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tí wọ́n bí lábúlé kan nítòsí Ekpoma ní 1986. Ilé ni ìyá rẹ̀ bí i sí, ìyá àgbà ló gbẹ̀bí. Ọkọ rẹ̀ wà ní Spéìn, ó fẹ́ lọ bá a. Irú ìwé ẹ̀rí tí NPC ń fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò kàn án, nítorí pé ó ti dáyé ṣáájú òfin 1992. Ìwé ìjẹ́rìí, tí gbogbo wa mọ̀ sí attestation, ni tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kóòtù ni gbogbo èèyàn ń gbà lọ: àgbàlagbà kan nínú ẹbí á lọ búra pé òun mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. (Mo ti rí ẹni tó fi ọdún mẹ́ta péré ju àbúrò rẹ̀ lọ, tó búra pé òun rántí ọjọ́ ìkómọjáde náà dáadáa. Akọ̀wé gbá òǹtẹ̀ lé e, kò tilẹ̀ gbójú sókè.)

Lẹ́yìn náà ni ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ní Abuja á yẹ ìfọwọ́sí orí ìwé náà wò bóyá ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ ni, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀. Ẹ́ḿbásì á yẹ òǹtẹ̀ Abuja wò, wọ́n á tẹ tiwọn lé e. Wọ́n á túmọ̀ ìwé sí èdè Spéìn. Owó ọkọ̀, owó ilé ìtura, owó àwọn tó ń báni sáré ìwé, gbogbo rẹ̀ ń lọ. Nínú gbogbo ìrìn yìí, kò sí ẹnì kan tó béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n bí obìnrin yìí ní 1986. Olúkúlùkù ń jẹ́rìí sí ọwọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ni.

Òfin àgbáyé pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ọdún 1961, ní ìlú The Hague, àwọn orílẹ̀-èdè kan fẹnu kò pé wahala òǹtẹ̀ lórí òǹtẹ̀ ti pọ̀ jù, kí ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo rọ́pò gbogbo rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní apostille. Abala karùn-ún àdéhùn náà sọ ohun tí apostille ń jẹ́rìí sí: ìfọwọ́sí, ipò ẹni tó fọwọ́ sí i, àti òǹtẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé kò sí lára rẹ̀. Làìbéríà àti Cape Verde wà nínú àdéhùn yìí, Sẹ̀nẹ̀gàl wọlé ní 2023, Ṣáínà náà wọlé lọ́dún kan náà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ó yẹ kí a wọlé, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Obìnrin ará Ekpoma yẹn ì bá ti fi ìrìn kan ṣe ìrìn mẹ́ta. Àmọ́ kí a má tan ara wa: àdéhùn náà fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láyè láti sọ pé òun kò gba ti ẹni tuntun. Íńdíà wọlé ní 2005, Jámánì sì kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá fọkàn tán ìwé àkọsílẹ̀ rẹ kò ní torí apostille gbà á.

Jámánì yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Ẹ́ḿbásì wọn kì í tẹ òǹtẹ̀ lé ìwé Nàìjíríà mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gánà. Wọ́n ní àwọn kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ètò ìforúkọsílẹ̀ wa. Bí ọ́fíìsì kan ní Jámánì bá fẹ́ mọ òótọ́, wọ́n á ní kí ẹ́ḿbásì wádìí, ẹ́ḿbásì á rán agbẹjọ́rò, ẹni tó fẹ́ lọ ló sì máa san owó rẹ̀. Agbẹjọ́rò á wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí wọ́n bí onítọ̀hún. Á dé ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, á dé ṣọ́ọ̀ṣì, á kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò, á béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà: ẹ mọ ọmọ yìí? Ìgbà wo ni wọ́n bí i? Ta ni ìyá rẹ̀? Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn gbogbo bébà, ẹnu àwọn tó rí ọmọ náà lọ́jọ́ tó dáyé ni wọ́n tún padà wá gbọ́.

Àwọn àgbà yẹn ń kú lọ. Ìwádìí tí ìjọba àti UNICEF ṣe ní 2021 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 57 ni wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ìjọba ṣí ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n á máa fi ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn 43 yòókù ń dàgbà lọ ní tiwọn. Nígbà tí wọ́n bá tó ẹni tó ń rìnrìn àjò, agbẹjọ́rò ẹ́ḿbásì lè dé abúlé wọn kó má bá ẹni tó gbẹ̀bí mọ́. Òfin ní kí wọ́n forúkọ ọmọ sílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́ tí wọ́n bá bí i, ọ̀fẹ́ sì ni.