Omíyalé Ọdún 2022 àti Ìlérí Àwọn Olùdíje sí Ipò Ààrẹ

Nígbà tí ìpolongo ìbò ààrẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, omi ti ń ya wọ Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Láìpẹ́, ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ epo tó ń lọ sí Àbújá há sójú ọ̀nà. Omíyalé ọdún náà pa ju ènìyàn 600 lọ káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé.

Òfin ti wà nílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Buhari ṣèlérí ní Glasgow pé nígbà tó bá fi máa di ọdún 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sójú ọ̀run kò ní ju èyí tí a lè fà padà lọ. Oṣù náà ló buwọ́ lu Òfin Ìyípadà Ojú-Ọjọ́.

Síbẹ̀, epo bẹntiróòlù ni a gbọ́ jù. Tinubu, Atiku àti Obi ni wọ́n jọ ní àwọn yóò yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Olùdìbò tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò rí ẹni mú nínú wọn. Atiku fi títa ilé-iṣẹ́ ìfọpo kún tirẹ̀. Obi a máa fi iná Íjíbítì wé tiwa.

Ní Kàdúná ní oṣù kẹwàá, wọ́n bi Tinubu nípa ojú-ọjọ́. Ó fi eku ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ jẹ oúnjẹ ìdàpọ̀ mímọ́ tí májèlé wà nínú rẹ̀ dáhùn. Ọ̀pọ̀ fi í ṣe ẹ̀rín. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ gidi wà nínú rẹ̀: kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó tó ba afẹ́fẹ́ jẹ́ gbọ́ bùkátà, nítorí tálákà kì í yan oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n tilẹ̀ san án, ta ni yóò dá omi dúró?

Dáàmù Dasin Hausa ní Ìpínlẹ̀ Adamáwá ìbá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Wọ́n pète rẹ̀ láti gba omi tí dáàmù Lagdo ti Kamẹrúùnù bá tú sílẹ̀, kí ó sì tún pèsè iná mànàmáná. Láti ọdún 1982 ni Lagdo ti parí. Títí ìdìbò oṣù kejì ọdún 2023 fi wáyé, a kò tíì kọ́ Dasin Hausa, kò sì di kókó ìpolongo. (Ìwé ẹ̀kọ́ wa náà kò yàtọ̀: omíyalé wà ní orí kan, ìdìbò wà ní òmíràn.)

Ìlérí tí gbogbo wọn jọ ṣe ló kọ́kọ́ ṣẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ ìbúra gan-an, Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, jálá epo tí à ń rà ní nǹkan bí náírà 190 ti kọjá 480.