Oníbodè Inú Ọ̀pá Ẹ̀yìn: Ìtàn Ẹ̀rọ Tí A Fi Iná Dá Ìrora Dúró

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n ìrora kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń sú ẹni tó ń gbọ́ ọ: ìrora tí ọgbẹ́ tó fà á ti jinná, tí òun kò sì lọ lẹ́yìn oṣù, tí kò lọ lẹ́yìn ọdún. Kò sí òṣùwọ̀n tí a lè fi wọ̀n ọ́n; ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ́ nìkan ni a ti ń gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń rì mọ́ ara irú ẹni bẹ́ẹ̀, láti máa rán iná mànàmáná sí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ìtàn ẹ̀rọ náà kọ́ wa bí ó ti ṣòro tó láti gba ẹ̀rí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo gbọ́, kí a má sì ṣì í gbọ́.

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀dá ti mọ̀ pé iná lè pa ìrora. Àwọn apẹja ilẹ̀ wa mọ ẹja ojìjí, tí í mú apá ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbọ̀n rìrì. Irú ẹja mìíràn tó ní iná lára wà nínú Òkun Mẹditaréníà. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù, kọ ọ́ sínú ìwé oògùn rẹ̀ pé kí ẹni tí oríkèé ẹsẹ̀ ń dùn gbé ẹsẹ̀ lé irú ẹja bẹ́ẹ̀ láàyè ní etí òkun, títí ẹsẹ̀ náà yóò fi kú dé orúnkún. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò mọ ìdí rẹ̀.

Ọdún 1965 ni Ronald Melzack, ará Kánádà, àti Patrick Wall, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àlàyé kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé ẹnubodè kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí ìrora gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ó tó dé ọpọlọ. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé ìrora wá; àwọn tó nípọn ló ń gbé ìmọ̀lára ìfọwọ́kàn. Bí ti ìfọwọ́kàn bá pọ̀, oníbodè a ti ilẹ̀kùn mọ́ ìrora. Ìdí nìyí tí ẹni tó fi orúnkún gbá àga fi máa ń sáré fọwọ́ pa á. Àwọn onímọ̀ ti tún apá kan àlàyé náà ṣe láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n òun ló ṣí ọ̀nà.

Ọdún méjì péré ni wọ́n fi dán an wò lára ènìyàn. Ní 1967, Norman Shealy, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ kan tí òun àti Thomas Mortimer, ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, jọ ṣiṣẹ́ lé lórí sí ẹ̀yìn bàbá ẹni àádọ́rin ọdún kan tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń bá jà. Bí wọ́n ti tan iná náà, ìrora rẹ̀ rọlẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí bàbá náà fi papò dà, ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn.

Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn. Wọ́n ní láti gé egungun ẹ̀yìn kí wáyà tó lè wọlé. Wáyà ń já, ó ń kúrò ní àyè rẹ̀, ibi tí wọ́n gé a sì máa kẹ̀ nígbà mìíràn. Shealy fúnra rẹ̀ padà jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ síwájú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ ti wáyà wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bátìrì náà wọ inú ara. Ó di àṣà pé kí aláìsàn kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó rì í mọ́ ọn lára.

Ní 2007, èsì ìwádìí kan jáde lórí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ẹsẹ̀ ṣì ń dùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ẹ̀rọ ni ìrora ẹsẹ̀ wọn dín kù dé ìdajì, ó kéré tán. Ìdá 9 péré ni láàrin àwọn tí kò gbà á. Ní 2008, NICE, àjọ tó ń yẹ ìtọ́jú wò fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń mú ara ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, nítorí náà ẹni tí wọ́n tan tirẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ta ni yóò wá sọ bóyá iná ló wò ó, tàbí ìrètí? Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé tí a kì í mọ̀ lára, ó ṣeé ṣe láti wádìí. Ní 2022, àwọn ará Nọ́wè gbé ìwádìí jáde lórí àádọ́ta ènìyàn tó gba ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn. Wọ́n ń tan án fún ìgbà kan, wọ́n ń pa á fún ìgbà kan, láìjẹ́ kí aláìsàn mọ èwo ni èwo. Wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi láàrin méjèèjì. Ní 2023, àwọn olùyẹ̀wòfínní Cochrane náà sọ pé fún ẹ̀yìn dídùn, ó ṣeé ṣe kí àǹfààní rẹ̀ má ju ti ẹ̀rọ tí a kò tàn lọ. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìrora kò gbà. Wọ́n ní oríṣi ìrora pọ̀, oríṣi ẹ̀rọ náà sì pọ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ara ń dun òun, kí a gbà á gbọ́. A kò sí nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun ní ìwòsàn, kí a bi í léèrè ẹ̀rí, pàápàá bí ìwòsàn náà bá ní í ṣe pẹ̀lú abẹ, owó ńlá àti wáyà nínú ẹ̀yìn. Ogójì ọdún kọjá láàrin bàbá ẹni àádọ́rin ọdún náà àti ìwádìí 2007. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn tún kọjá kí ti Nọ́wè tó dé. Àwọn tó fara gbá ìdádúró náà ni àwọn tí ìrora kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró béèrè. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àwa tí kò sunkún ló yẹ kí a bá wọn ríran jù.