Ọ̀rọ̀ Inú Yàrá: Eré I, Claudius àti Ìtàn Róòmù

Eré tí a ó yẹ̀ wò lálẹ́ òní ni I, Claudius, èyí tí BBC gbé jáde ní ọdún 1976. Jack Pulman ni ó sọ ọ́ di eré láti inú ìwé ìtàn àròsọ méjì tí Robert Graves kọ. Ẹni tí ó bá ń retí ogun, ẹṣin àti ogunlọ́gọ̀ èrò yóò jókòó títí, kò ní rí wọn. Inú sitúdíò ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ènìyàn jókòó sínú yàrá, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ni ó ń pa ènìyàn.

Àwọn kan lè pe èyí ní ọgbọ́n àìlówó. Lójú tèmi, yàrá bá ìtàn náà mu ju pápá ogun lọ. Kí Augustus tó gba agbára, inú ìgbìmọ̀ àgbà àti ní gbàgede ni àwọn ará Róòmù ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ ìlú. Láti ọdún 27 ṣáájú ìbí Kristi, ìgbìmọ̀ ṣì ń jókòó, ṣùgbọ́n ilé Augustus ni ọ̀rọ̀ ti ń parí. Òpìtàn Cassius Dio, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ní nǹkan bí 200 ọdún lẹ́yìn náà, ráhùn nípa èyí gan-an: ó ní ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà, àwọn ènìyàn kì í sì í gba èyí tí a bá kéde gbọ́. Níbi tí ilẹ̀kùn bá ti wà ní títì, àhesọ ni yóò gba ipò ẹ̀rí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe ikú Augustus. Ojú Brian Blessed nìkan ni kámẹ́rà dúró lé. Ohùn Livia aya rẹ̀, tí Siân Phillips ṣe, ni a ń gbọ́ bí ó ti ń bá a sọ̀rọ̀, títí ẹ̀mí fi kúrò lójú náà láìsí igbe kan. Lẹ́yìn náà ni Livia kìlọ̀ fún Tiberius ọmọ rẹ̀, bí ẹni tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré, pé kí ó má ṣe fọwọ́ kan èso ọ̀pọ̀tọ́. N kò tíì rí ẹni tí ó wò ó tí ó tún ṣiyè méjì pé Livia ni apànìyàn.

Níbẹ̀ ni kí ẹ̀yin olùkọ́ ti dá àwọn ọmọ yín dúró. Tacitus, tí ó kọ̀wé ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn ikú yìí, sọ pé àwọn kan fura sí ìyàwó. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dio ni ó mú ọ̀rọ̀ èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n-ní-wọ́n-ní sì ni òun náà pè é. Ẹni tí ó kú sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún 76. Ní ti Marcellus, tí eré náà ní Livia pa pẹ̀lú, Dio kan náà rán wa létí pé àìsàn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọdún 23 ṣáájú ìbí Kristi náà àti èyí tí ó tẹ̀ lé e.

Ṣé kí a wá ju eré náà nù? Rárá o. Claudius gidi kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní ìwé 8, gbogbo rẹ̀ ni ó ti sọnù; àlàfo yẹn ni Graves kọ́lé sí. Ẹ wo ìgbà tí Livia arúgbó pe Claudius, tí Derek Jacobi ṣe, wá jẹun. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí ó ṣe, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ òun di òrìṣà kí òun má baà jìyà lọ́run. Kò sí òpìtàn àtijọ́ tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n lóòótọ́ ni Claudius sọ Livia di òrìṣà ní ọdún 42. Ohun tí ó ṣe wà nínú ìtàn; ìdí rẹ̀ ni Graves fi èrò ara rẹ̀ wá. Ìdí mìíràn wà tí kò gba ẹkún: ìyá bàbá rẹ̀ ni Livia, a kò sì gba Claudius ṣọmọ sínú ìdílé Augustus rí. Ọba tí ìyá-ńlá rẹ̀ bá di òrìṣà ti rí ohun tí yóò fi han àwọn tí ń bi í léèrè ibi tí ó ti wá.